Bọ́mpà ń sọ̀rọ̀: sítíkà òṣèlú lára mọ́tò Amẹ́ríkà

Atẹ̀wé:

Kí á tó máa jiyàn lórí ohun tí sítíkà ń sọ nípa awakọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo sítíkà fúnra rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù gùn ní ínṣì 11.5, ó fẹ̀ ní ínṣì 3. Nígbà kan rí, páálí ni wọ́n ń kọ orúkọ olóṣèlú sí, wọ́n á fi wáyà dè é mọ́ bọ́mpà. Òjò kan ṣoṣo, ó ti di ẹ̀kọ. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Forest Gill, atẹ̀wé kan ní Kansas City, wá pa bébà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn pọ̀ mọ́ íńkì tó ń kọ yànrànyànràn. Ihò àpáta àti ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń polówó. Nígbà tí Eisenhower àti Stevenson du ipò ààrẹ ní 1952, òṣèlú gorí bọ́mpà, kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ títí dòní.

Ẹni tó wà lẹ́yìn yín lójú títì kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láti fi kà á. Ìṣirò àwa tí à ń ṣe pátákó ni pé lẹ́tà tó ga ní ínṣì 1 ló ń hàn kedere láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ wá wo sítíkà tó fẹ̀ ní ínṣì 3: ìlà kan ṣoṣo ló gbà dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta fi sàn ju mẹ́wàá lọ, tí orúkọ àti ọdún nìkan sì fi tó. Èyí tó gbọ́n jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi ni ti Barry Goldwater, tó du ipò ààrẹ ní 1964: AuH2O. Au ni àmì tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì fi ń pe góòlù, H2O sì ni omi, ìyẹn “water” lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà kan. Ẹni tí kò kà á nílé ẹ̀kọ́, kò lè yé e. Ẹni tó bá yé á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ awo. Goldwater fìdí rẹmi, sítíkà rẹ̀ kò fìdí rẹmi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí sítíkà, àwọ̀ ni kí ẹ wò. Pupa ló ń kọ́kọ́ ṣá. Íńkì pupa àti yẹ́lò ni oòrùn ń jẹ ṣáájú, búlúù àti dúdú á ṣì kù síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bébà ìpolówó àtijọ́ fi máa ń dà bí èyí tí wọ́n rẹ sínú aró. Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ ni pé pupa ni wọ́n fi ń mọ Rìpọ́blíkà, búlúù ni ti Dẹmokírátì; oòrùn Texas kò bèèrè ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń ṣe. Atẹ̀wé tó mọṣẹ́ á lo vinyl, ìyẹn ike fẹ́lẹ́, àti íńkì tí kì í tètè ṣá, á sì fi náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ tó ń gba oòrùn dúró bò ó lójú. Ti bébà pọ́ńbélé kò wúlò ju àsìkò ìbò lọ.

Bí ẹ bá wá rí sítíkà ìbò ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn tí kò ṣá rárá, ọ̀kan nínú méjì ni: gáréèjì ni mọ́tò náà ń sùn, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ orúkọ ẹni tó ti pàdánù tipẹ́ kì í polongo ìbò, ẹ̀hónú ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ti 1972 rí. George McGovern, tó bá Nixon du ipò ààrẹ, kò borí níbì kankan àfi Massachusetts àti Washington, D.C. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Watergate, ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ nídìí ìbò náà, wá ń fọ́ mọ́ Nixon lórí, sítíkà kan gbòde tó ní: “Ẹ má dá mi lẹ́bi o, ará Massachusetts ni mí.” Ìbò ti kọjá, adùn ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Pẹ́ńtà mọ́tò:

Ẹ̀yin tó ń tẹ̀ ẹ́ ti sọ tiyín. Àwa tó ń yọ ọ́ ni wàhálà rẹ̀ kù sí lọ́wọ́.

Lílẹ̀ kò le, àìnísùúrù ló ń bà á jẹ́. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi sípírítì nù ún. Wáàsì tí wọ́n fi ń dán mọ́tò kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú, sípírítì ló ń ká a kúrò. Bí òtútù bá ti já wálẹ̀ ju 10°C lọ, ẹ sún un síwájú. Gọ́ọ̀mù á le, etí sítíkà á máa ká sókè. Ẹ bó ínṣì 2 péré lára bébà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lẹ ìyẹn kó dúró gbọn-in, kí ẹ wá máa fa ìyókù bí kádì ATM ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ láti àárín sí etí. Ẹni tó bá bó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló máa fi gún un. Ẹ má fọ mọ́tò náà fún ọjọ́ méjì. Bọ́mpà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba pẹ́ńtì, ẹ fún un ní ọjọ́ 30 ó kéré tán, nítorí pẹ́ńtì náà ṣì ń mí. Bí sítíkà bá pa á lẹ́nu mọ́, ó lè wú.

Yíyọ ni iṣẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ, ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Tó bá gbóná dé ìwọ̀n tí ọwọ́ ṣì lè gbà, ẹ fi kádì ike gbé igun kan, ẹ fà á padà sórí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fà á sókè. Ibi tó bá ti fẹ́ ya, ẹ tún fẹ́ ooru sí i. Ti bébà àtijọ́ kì í bó lódindi. Omi ọṣẹ gbígbóná lẹ máa fi rẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, Goo Gone (oògùn tí wọ́n ń tà fún yíyọ gọ́ọ̀mù) tàbí WD-40, àní òróró ìdáná pàápàá, á tú u, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ òróró yẹn kúrò. Ẹ má fi réésà kan pẹ́ńtì. Ẹ má sì fi asítónì tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ kan bọ́mpà ike, torí ó ń jẹ ike. Lójú gíláàsì ẹ̀yìn, réésà ṣeé lò níta, kò ṣeé lò nínú: inú ni àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú gíláàsì gbóná nígbà òtútù wà. Tí ẹ bá gé ọ̀kan, ìlà yẹn ti kú.

Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, nǹkan kan á ṣì kù. Oòrùn tó ń ṣá sítíkà ń ṣá pẹ́ńtì pẹ̀lú, abẹ́ sítíkà nìkan ni kò dé. Bí ẹ bá yọ èyí tó ti lo ọdún mẹ́rin, ẹ máa rí ojú ibì kan gbọọrọ tó dúdú tàbí tó pọ́n ju ara mọ́tò yòókù lọ. Òjìji sítíkà nìyẹn. Kọ́ńpáàndì tí a fi ń dán pẹ́ńtì lè dín in kù, àmọ́ tó bá ti wọra, àfi kí wọ́n tún bọ́mpà náà kùn. Èmi máa ń ka òjìji ju sítíkà lọ. Sítíkà ń sọ ohun tí ẹnì kan fẹ́ kí ayé mọ̀. Òjìji ń sọ ohun tó wá rí i pé kò yẹ kí ayé mọ̀ mọ́.

Àwọn tí kò fẹ́ wàhálà ń ra èyí tó jẹ́ òòfà, tó nípọn ní nǹkan bí 0.03 ínṣì. Kì í mú ike, bọ́mpà òde òní sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ike tán. Kì í mú aluminium náà: láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2015 ni ara Ford F-150 ti di aluminium, òòfà á kàn máa yọ̀ bọ́ ni. Níbi tó bá ti mú, ẹ máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹ nu abẹ́ rẹ̀, torí iyanrìn tó há síbẹ̀ á máa ha pẹ́ńtì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé èèyàn lè ṣí i kó tó wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kó sì lẹ̀ ẹ́ padà lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó ń kọjá lọ náà lè ṣí i, kó mú un lọ sílé rẹ̀.

Agbẹjọ́rò:

Sítíkà, ti awakọ̀ ni. Nọ́ńbà mọ́tò, ti ìjọba ni. Ní 1977, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn sọ pé New Hampshire kò lè fi agbára mú ẹnikẹ́ni gbé àkọlé ìpínlẹ̀ náà, “Live Free or Die” (gbé lómìnira tàbí kí o kú), kiri lójú nọ́ńbà mọ́tò bí kò bá bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu. Ní 2015, nínú ẹjọ́ kan láti Texas, wọ́n ní àwòrán tó wà lójú nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ìjọba sì lè kọ èyí tí kò fẹ́. Nítorí náà bọ́mpà lẹ ní. Ẹ má lẹ nǹkan kan bo nọ́ńbà tàbí iná ẹ̀yìn, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa gbà yín níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbò, Texas àti California kò gba ìpolongo láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ibùdó ìdìbò. Ẹ páàkì síwájú díẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lè lẹ sítíkà mọ́ mọ́tò ara rẹ̀, kò lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́tò ìjọba. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá aládàáni: òfin tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ ẹnu, ìjọba ló dè lọ́wọ́, kò de ọ̀gá yín. California ní òfin tó ní kí ọ̀gá má darí òṣèlú òṣìṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ọkọ̀ yín gbé èrò lórí áàpù bíi Uber, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bọ́mpà sílẹ̀ lófìfo. Ìràwọ̀ tí èrò bá fún yín kò ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ti ọlọ́pàá wá ńkọ́? Frances Heussenstamm ṣe ìwádìí kan ní Los Angeles, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Ó kó akẹ́kọ̀ọ́ 15 jọ, aláwọ̀ dúdú 5, funfun 5, ọmọ ìran Mẹ́síkò 5, awakọ̀ tí ìwé wọn mọ́ tónítóní láti ọdún kan sẹ́yìn. Wọ́n lẹ sítíkà Black Panther, ẹgbẹ́ ajàjàgbara àwọn aláwọ̀ dúdú, mọ́ bọ́mpà wọn. Ọjọ́ 17 péré, tíkẹ́ẹ̀tì 33, $500 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún owó ìtanràn ti tán. Ìwọ̀nba èèyàn ni o, àmọ́ ẹ rí i pé kì í ṣe awakọ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń ka bọ́mpà.

Olùkọ́ yunifásítì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti mọ́tò fúnra rẹ̀ kún un, torí bọ́mpà lófìfo náà kì í dákẹ́.

Ní 2017, Timnit Gebru àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà wo àwòrán Google Street View mílíọ̀nù 50 láti ìlú 200, ó sì dá mọ́tò mílíọ̀nù 22 mọ̀, irú wọn àti ọdún wọn. Níbi tí sedan bá ti pọ̀ ju pikọ́ọ̀pù lọ, ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrètí wà pé Dẹmokírátì ni ìlú náà máa dìbò fún. Níbi tí pikọ́ọ̀pù bá ti borí, ìdá 82 ni fún Rìpọ́blíkà. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ìlú ni wọ́n ń sọ. Pikọ́ọ̀pù tó wà níwájú yín lè jẹ́ ti káfíńtà tó ń kó pákó, kó má sì dìbò rí láyé rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣirò ìlú mú ẹnì kan, òkùnkùn ló ń ta ọfà sí.

Àwọn mọ́tò kan wà tí àwọn tó rà wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Nínú ìwádìí ọjà kan ní 2007, ìdá 57 nínú àwọn tó ra Prius, mọ́tò Toyota tó ń lo epo pọ̀ mọ́ báttìrì, sọ pé ohun tó jà jù lọ́kàn àwọn ni pé ó ń sọ irú ẹni tí àwọn jẹ́. Ẹ rántí pé Prius kò jọ mọ́tò míì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ epo lò lábẹ́lẹ̀ lè ra Honda Civic tó ń lo epo pọ̀ mọ́ báttìrì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìwádìí mìíràn ní ìpínlẹ̀ Colorado àti ìpínlẹ̀ Washington, tó jáde ní 2014, ṣírò iye tí àwọn èèyàn ṣetán láti fi kún owó nítorí ìrísí yẹn nìkan: láti $430 títí dé $4,200, ó kù sí irú àdúgbò. Subaru gba ọ̀nà míì: ní àwọn ọdún 1990, ó fi nọ́ńbà mọ́tò nínú àwòrán ìpolówó ṣẹ́jú sí àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, bí “XENA LVR”, ìyẹn olólùfẹ́ Xena, akọni obìnrin inú eré tẹlifíṣọ̀n kan. Àwọn tí wọ́n ń ṣẹ́jú sí rí i, àwọn yòókù kọjá lọ.

Tesla, mọ́tò oníná, ló wá dàrú mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ràn àyíká ni gbogbo ayé ka ẹni tó ń wà á sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Elon Musk, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, gbárùkù ti Trump ní 2024, mọ́tò kan náà, awakọ̀ kan náà, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà lórí ìdúró. Ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ bá ń ra sítíkà tó ń ṣàlàyé pé àwọn ti ra mọ́tò náà kí àwọn tó mọ irú ẹni tí Musk jẹ́. Sítíkà tó ń tọrọ gáfárà fún mọ́tò tó gbé e, ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ ju ẹ̀kọ́ kan lọ, ti 2008 láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ni kí ẹ mú. Szlemko àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí sítíkà bá ṣe ń pọ̀ lára mọ́tò ni ẹni tó ń wà á ṣe ń jẹ́wọ́ pé òun máa ń fi ìbínú wakọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára sítíkà kò já mọ́ nǹkan kan nínú ìṣirò yẹn. Bí ẹ bá rí “Àlàáfíà fún gbogbo ayé” márùn-ún lẹ́yìn mọ́tò kan, ẹ yà fún un.

Pẹ́ńtà mọ́tò:

Ọ̀gá, ẹ gbà mí láyè díẹ̀, torí mọ́tò wọ̀nyí kì í kú sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ń gba Kútọnu tàbí Tin Can wọlé ní tòkunbọ̀, sítíkà olóṣèlú Ohio ṣì wà lẹ́yìn wọn, ẹni tó ń wà á ní Mushin kò sì mọ ẹni tí wọ́n ní kó dìbò fún. Sítíkà kì í ṣe ilà ojú tí wọ́n kọ fúnni ní kékeré. Ó lè jẹ́ ti ẹni tó ta mọ́tò fúnni.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré yọ ọ́ kí ẹ tó rà á. Bọ́mpà tí sítíkà àtijọ́ wà lára rẹ̀ ṣeé ṣe kó má tíì gba pẹ́ńtì tuntun láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi èékánná wo etí rẹ̀ yíká: bí pẹ́ńtì bá gun orí etí náà, tàbí tí ìlà kan bá yí i po bí ibi tí wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù bò ó, wọ́n ti fọ́n pẹ́ńtì síbẹ̀ láìyọ ọ́. Bí búùtù bá sì ti ṣá, tí bọ́mpà ń dán bíi dígí, tí kò sí òjìji kankan lára rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó kọlu ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tó ná an.