Owó oṣù lé, síbẹ̀ iṣẹ́ fákítìrì kò wù mí ṣe mọ́: kí ló kù?

Ọmọ Ọ̀tà:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ó di ọdún kẹfà tí mo ti wà ní fákítìrì abọ́ oníke kan ní Ọ̀tà. Bí abọ́ bá ṣe ń gbóná jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni mo ń gbà á, tí mo ń fi abẹ gé etí rẹ̀ tó rí gbágungbàgun, tí mo sì ń tò ó ní méjìlá-méjìlá. Nígbà tí ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n fi kún tiwa náà, inú wa sì dùn fún bí oṣù méjì, kí àárẹ̀ ọkàn àtijọ́ tó padà dé. Kásúà ṣì ni mí. Ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe tó kó wa wá ni orúkọ mi wà. Ṣé owó ṣì ni ìṣòro mi, àbí nǹkan mìíràn?

Bàbá Aláṣọ:
Ọmọ mi, mo pẹ́ ní fákítìrì aṣọ ní Ìkẹjà kí n tó fẹ̀yìn tì. Owó a máa pa ẹnu ìkùnsínú mọ́, ṣùgbọ́n kì í mú iṣẹ́ wuni. Frederick Herzberg, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1959, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹnjiníà àti akáúńtáǹtì ló bi léèrè, kì í ṣe àwa tí a ń dúró ti ẹ̀rọ. Ọdún tí mo gbádùn iṣẹ́ mi jù ni ọdún tí ọ̀gá tuntun kan wá bi mí ní ohun tó ń já òwú. Mo ní ọyẹ́ ló gbẹ afẹ́fẹ́, kí wọ́n bu omi sí ilẹ̀ yàrá náà. Wọ́n ṣe é, òwú kò sì já bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Owó oṣù mi kò lé lọ́dún náà, síbẹ̀ mo ń tètè jí lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá Fèyí:
Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò ní kí ó wá lọ́la kò lè ráyè ro ohun tó ń já òwú. Àbúrò, lẹ́tà ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Abala 7 nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé, ó pẹ́ tán, kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó gba òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀, wákàtí rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí wọn yóò fi sọ fún un kí wọ́n tó dá a dúró. Bákan náà, òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, láì yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Ìwọ tí o ń fi abẹ gé ike, béèrè bóyá wọ́n ń san án. Má dá nìkan lọ o.

Ọmọ Ọ̀tà:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ ṣé, Ìyá Fèyí. Àwa mọ́kànlá la jọ ń ṣiṣẹ́ òru, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó ní lẹ́tà. N ó bá wọn sọ ọ́ lálẹ́ òní, kí ẹ̀rọ tó gbóná.