Ta ló wà níbẹ̀ lálẹ́ tí àwọn olórin Áfíríkà wá sí Adó-Èkìtì?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, ta ló wà ní gbọ̀ngàn yẹn lálẹ́ Sátidé? Ará Mali, ará Zimbabwe, àti àwọn onídùndún tiwa, gbogbo wọn lórí ìtàgé kan. Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí.

Ìyá Ìbejì: Mo mú ìyá mi lọ. Wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu pé ká máa lọ sílé. Ìgbà tí baba oní-kora, ará Mali yẹn, jókòó, tó gbé igbá ńlá tí wọ́n fi awọ màlúù bò sáàárín ẹsẹ̀, màmá dákẹ́. Okùn 21 ló wà lára rẹ̀ o! Àtàǹpàkò méjèèjì àti ìka tó tẹ̀lé e nìkan ló fi ń ta á, ìka yòókù di igi méjì mú. Kí ó tó parí, omijé ti ń bọ́ lójú màmá. Wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe máa ń kọ alámọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí baba náà ń kọ.

Adé Ìjerò: Èmi náà sunkún.

Bọ̀dá Ọlọ́kadà: Ta lẹni tó lọ lẹ owó mọ́ baba yẹn níwájú orí? Owó já sáàárín okùn, orin dúró. Ojú tì mí.

Akẹ́kọ̀ọ́: Kí ló burú níbẹ̀? Jeli ni wọ́n ń pe irú wọn, wọ́n ń jogún iṣẹ́ náà bí ìdílé Àyàn ṣe ń ṣe níbí. Toumani Diabaté, gbajúmọ̀ oní-kora ará Mali tó kú ní 2024, inú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Àwọn èèyàn wọn náà ń náwó fún wọn.

Bọ̀dá Ọlọ́kadà: Mo gbà. Ṣé orí okùn ni wọ́n ń jù ú sí?

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀fọ̀n: Ẹ fi owó sílẹ̀. Mbira tí ará Zimbabwe ń ta, agídìgbo wa ni.

Ọmọ Àyàn: Rárá, ẹ̀gbọ́n. Agídìgbo, àpótí ni, irin rẹ̀ ò pọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Irin mbira yẹn lé ní 20, inú igbá ni wọ́n sì kì í bọ̀ kó lè dún dáadáa. Ẹnì kan ń ta á, ẹ ó rò pé mẹ́ta ni.

Alátùn-únbí: Mo jáde nígbà yẹn. Wọ́n ní àwọn baba ńlá ni wọ́n fi ń pè.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀fọ̀n: Òótọ́ ni, àwọn Shona, ẹ̀yà kan ní Zimbabwe, ń lò ó bẹ́ẹ̀. Àbúrò, dùndún ṣọ́ọ̀ṣì yín ńkọ́? Bàbá mi ní wọ́n lé onílù jáde ní ìjọ àwọn nígbà èwe àwọn.

Alátùn-únbí: Dùndún ti di tiwa báyìí, ẹ̀gbọ́n.

Adé Ìjerò: Ìgbà wo ni kì í ṣe tiwa?

Ọmọ Àyàn: Ohun tó dùn mí ni pé àwa onílé ni wọ́n fi sẹ́yìn pátápátá. Aago mẹ́rin la ti jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fún wa.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ṣé lóòótọ́ lẹ fi ìlù bá oní-kora sọ̀rọ̀? Kò lè yé e.

Ọmọ Àyàn: Mi ò ní ó yé e. Mo lu "Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn." Ó wò mí, ó gbé ohùn yẹn gẹ́lẹ́ lé okùn rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Kò mọ ohun tó ń wí. Ṣùgbọ́n màmá kan dìde ní iwájú, wọ́n dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé o, ọmọ mi."

Ìyá Ìbejì: Ìyá mi nìyẹn.