Láfún orí àpáta: kí ló dé tí tèmi ń bu?

Ọmọ Màmá Oko kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ díẹ̀. Bí mo bá bi í lásán, ẹ ó ní kí n lọ ra láfún lọ́jà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí kí n yé dààmú ara mi.

Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ́dún tó kọjá. Kí n má baà máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ka mọ́tò, mo gbin ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé mi ní Ọbántokò. Ẹ̀gẹ́ náà ta, ó ta kọjá ohun tí mo rò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje, mo hú ìdajì rẹ̀, mo ní n óò fi ṣe láfún bí ìyá tó bí ìyá mi ṣe ń ṣe é. Mo bó o, mo rẹ ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ mẹ́rin, mo fún un, mo sá a sórí tapólì ní àgbàlá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ karùn-ún, ó ti bu. Ibòmíràn dúdú, ibòmíràn ní àwọ̀ ewé bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn lọ ti fèrèsé ilé ìdáná.

Oko ìyá àgbà wa wà lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, láàárín àwọn òkè. Màmá Oko là ń pè é, torí a ní Màmá Ilé, ìyá bàbá wa, tó ń gbé pẹ̀lú wa nígboro. Ilé márùn-ún péré ló wà lábúlé náà, amọ̀ ni ògiri wọn, páànù tó ti dípẹtà ni wọ́n fi bò wọ́n. Lẹ́yìn ilé tirẹ̀ ni àpáta wà, ó dagun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn erin tó jókòó. Àpáta yẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, òun ni àgbàlá wa. Bí bọlẹ̀kájà bá já wa sílẹ̀ lẹ́bàá títì, tí a rìn títí a fi gun òkè tó kọjú sí abúlé, a ó kọ́kọ́ rí i lọ́ọ̀ọ́kán: funfun báláú, àfi bí ẹni pé ẹnì kan tẹ́ aṣọ àlà sórí òkúta. Láfún ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ní, “Màmá wà nílé,” a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Iṣẹ́ tiwa ni kí a máa lé ewúrẹ́ àti adìyẹ. A ó mú màrìwò kọ̀ọ̀kan, a ó jókòó sí eteetí, a ó máa wo àwọn alángbá tó ń mi orí lórí òkúta bí àgbà tó gbà pé òótọ́ lo sọ. Ihò kan wà lókè àpáta tí omi máa ń dúró sí, oyin ló sì ń mu ún, ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kàn án. Igi ìyeyè kan wà nítòsí. Bí òjìji rẹ̀ bá ti kan ẹnu ihò yẹn, Màmá Oko á pariwo pé kí a máa kó láfún wọlé. Kò ní aago rí láyé rẹ̀.

Láàárọ̀, ìkùukùu á bo àfonífojì tí ó jẹ́ pé orí ọ̀pẹ nìkan ni a máa rí. Ètè wa á ti la, yóò fi òrí pa á fún wa kí a tó mu ẹ̀kọ. Lálẹ́, ọ̀fàfà á máa ké nínú igbó bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, àwa á sì lọ sùn gbalaja sórí àpáta torí ó ṣì máa ń gbóná nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Mo ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì olówó iyebíye láti ìgbà náà. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, kò sí èyí tó gbóná mọ́ mi lẹ́yìn bẹ́ẹ̀.

Láfún rẹ̀ kì í rùn. Ó máa ń mú èkìdá kan, á dá a sí méjì létí wa. Bí ó bá dún pàkà, ó ti gbẹ. Bí ó bá dákẹ́, ó padà sínú oòrùn nìyẹn. Àmàlà rẹ̀ funfun, ó fà, kò kan.

Ìbéèrè mi: ṣé àpáta ni àṣírí rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ òun ni, kí lẹni tó ń gbé nínú ilé onísìmẹ́ńtì lè ṣe?

---

Àjíkẹ́ Aláfún dáhùn pé:

Ẹ kú ìsinmi o, bàbá wa. Ẹ má bínú sí ẹnu mi, láfún ni mo fi rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé.

Ẹ ní ẹ fún un. Kí lẹ fi fún un? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ lásán ni, omi tó kù nínú rẹ̀ tó láti fi fọ aṣọ. Ẹ dà á sínú àpò, ẹ so ó, ẹ gbé òkúta ńlá lé e mọ́jú. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣa okùn àárín rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi omi tuntun fọ̀ ọ́. Omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ ló gbé òórùn àti oró inú ẹ̀gẹ́ jáde. Bí ẹ kò bá da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ ti kó o padà sínú oúnjẹ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́rin kò burú, àmọ́ ọjọ́ kọ́ là ń kà. Ìka là ń fi wò ó. Bí ìka bá wọlé láìjà, ó ti rọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, ó lè lò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tapólì kẹ̀? Ọ̀rá ni tapólì! Omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ kò ríbi gbà, ìsàlẹ̀ á máa sè bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Ẹ sì rún un wẹ́wẹ́. Mo mọ̀ pé èkìdá bí ìkúùkù lẹ sá síbẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin ẹ kì í ní sùúrù.

---

Ọmọ Lísàbí 2 dáhùn pé:

Bàbá, ẹ mú mi rántí ilé. Oko tiwa wà lọ́nà Alábàtà, kó tó di pé gbogbo ibẹ̀ di ilé akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ àpáta, ó ní ìdí. Oòrùn ń lù ú láti òwúrọ̀, ó ń gbé ooru náà pamọ́, nítorí náà òkè àti ìsàlẹ̀ láfún jọ ń gbẹ ni. Nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, òkúta ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ pé ẹ̀yìn yín ń gbóná lórí rẹ̀ lálẹ́. Ó tún dagun, omi kì í dúró sí i àfi nínú ihò. Lórí òkè bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn kì í sì í sinmi. Sìmẹ́ńtì náà ń gbóná, àmọ́ inú ọgbà tí ẹ fi ògiri yí ká, níbo ni atẹ́gùn fẹ́ gbà wọlé?

Ohun kan wà tí ẹ fò. Ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Màmá Oko nìkan ló wà lórí àpáta. Obìnrin mélòó ló máa ń wá bó ẹ̀gẹ́? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àáró ni. Lónìí, gbogbo wọn wà ní oko Ìyá Kékeré. Lọ́la, wọ́n wà ní tiwa. Nínú irú àáró yìí náà ni Lísàbí ti kó àwọn Ẹ̀gbá jọ tí wọ́n fi gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, iṣẹ́ oko làwọn ọlọ́tàá rò pé wọ́n ń ṣe. Ẹ wá fẹ́ dá nìkan bó ẹ̀gẹ́ ìdajì oko. Ẹ ò ṣe ní bu?

---

Kò-dùn-mọ́-mi dáhùn pé:

Èmi náà dàgbà ní ẹ̀bá àpáta, ní ìhà Ọ̀dẹ̀dá kan náà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ ìhà kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ìgboro, màrìwò ni wọ́n fi lé yín lọ́wọ́. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ là ń gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tútù gun òkè, tí osùká á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ agbárí. Láti odò dé orí àpáta, kò sí ibi tó tẹ́jú. Mo ti já sílẹ̀ rí pẹ̀lú ẹrù lórí, àpá rẹ̀ ṣì wà lórúnkún mi. Láfún orí àpáta yẹn kan náà ló gé eyín bàbá mi, òkúta wẹ́wẹ́ ló kó sínú àmàlà. Ẹ gbọ́dọ̀ fi asẹ́ kù ú dáadáa, ẹ máa rántí ìyẹn náà.

Àwọn tó ń fọ́ òkúta ti dé ìhà ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ti yin ẹ̀tù sí òkúta, gbogbo ilé á mì, eruku á sì bà lé ewé ẹ̀gẹ́. Àpáta tí ìyá mi ń sá láfún sí ti kù ní ìdajì. Ìdajì kejì ti di títì ibì kan, bóyá òun lẹ fi taya yín tẹ̀ lánàá.

---

Ọmọ Màmá Oko dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àǹtí Àjíkẹ́, èkìdá bí ìkúùkù ni lóòótọ́. Ta ló sọ fún yín?

Kò-dùn-mọ́-mi, ẹ kú ìfaradà. Òótọ́ lẹ sọ, n kò gbé agbọ̀n gun òkè rí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e. Ní ti àwọn òkúta yẹn, n kò tíì dé oko wa láti ọdún mọ́kàndínlógún, ọdún tí a sin Màmá Oko. Àbúrò ìyá mi ní àpáta ṣì wà, pèrègún tí wọ́n fi pààlà sì ti ga ju ilé lọ.

---

Àjíkẹ́ Aláfún dáhùn pé:

Bàbá wa, mo tún ka ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ìkùukùu láàárọ̀. Ètè tó la. Òrí. Oṣù wo lẹ máa ń lọ sóko?

---

Ọmọ Màmá Oko dáhùn pé:

Àǹtí, ẹ ti pa mí.

Nígbà ọdún Kérésì ni. Ọyẹ́! Ọjọ́ tí a bá gba ìsinmi oṣù Kejìlá ni bàbá wa ń kó wa lọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí n tó kọ èyí, torí òun ni wọ́n fi sọ́dọ̀ Màmá Oko fún ọdún méjì gbáko. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń sá láfún lóṣù Keje. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé à ń ṣe láfún púpọ̀ lójò? Gàrí là ń yan.” Ó ní nígbà òjò, ewéko tútù àti omi ló wà lórí àpáta yẹn, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, Màmá kì í jẹ́ kí ọmọdé gùn ún. Ìwọ̀nba tí wọ́n bá ṣe, orí àjà tó wà lókè ààrò ni wọ́n ń sá a sí, èéfín a sì sọ ọ́ di pípọ́n.

Ó tún sọ ohun kan tí n kò mọ̀. Ọdún kan, òjò àìròtẹ́lẹ̀ rọ̀ ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, ó wọ́ láfún ọjọ́ méjì kúrò lórí àpáta, ó gbé e lọ sísàlẹ̀ bí omi ọ̀gì. Màmá Oko jókòó sórí òkúta nínú òjò náà, kò wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ẹní bò ó.

Ìyẹn nìyẹn. Láti bí àádọ́ta ọdún ni mo ti ń sọ fún èèyàn pé láfún oko wa kì í rùn, n kò mọ̀ pé oṣù kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nínú oko náà.

Mo ti kó púpọ̀ nínú ìdajì ẹ̀gẹ́ tó kù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rin gàrí lọ́nà Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀. Bí oṣù Kejìlá bá dé, tí Ọlọ́run bá fẹ́, n óò bó díẹ̀, n óò rún un wẹ́wẹ́, n óò gbé òkúta lé e mọ́jú, n óò sì gbé e lọ sórí àpáta gan-an. Ìyàwó mi ní òun ò bá mi dé ibì kankan. Lálẹ́ àná ṣá, ó bi mí bóyá ọ̀nà ibẹ̀ ṣì ń gba mọ́tò.