Pátẹ́ǹtì kì í ṣe ìwé àṣẹ

Ẹ̀gbọ́n, mo ka àbá yín pé, ní Yorùbá, kí á máa pe pátẹ́ǹtì, ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ ohun tuntun, ní "ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀". Ó dùn létí, àmọ́ ó ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ ti rí àyè ṣe nǹkan. Agbára láti dá ẹlòmíràn lẹ́kun ni pátẹ́ǹtì ń fúnni. Ènìyàn lè gbà á lórí ẹ̀rọ tuntun kó má sì lè ṣe ẹ̀rọ náà jáde, nítorí pátẹ́ǹtì ẹlòmíràn wà lórí ẹ̀yà kan nínú rẹ̀.

Ẹ wo Google. Ní 2011 ó kéde pé òun máa fi bílíọ̀nù 12.5 dọ́là ra Motorola Mobility, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù, tó ní pátẹ́ǹtì bíi 17,000. Android, ètò Google tó ń mú fóònù ṣiṣẹ́, ti gbòde nígbà yẹn, Google kò wá àṣẹ ẹnikẹ́ni láti ṣe é. Wọ́n ń pe àwọn tó ń fi Android ṣe fóònù lẹ́jọ́ lórí pátẹ́ǹtì ni, ló bá ń wá ohun tí òun náà lè fi halẹ̀. Nígbà tó ta ilé-iṣẹ́ náà fún Lenovo ní 2014, èyí tó pọ̀ jù nínú pátẹ́ǹtì yẹn kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ààlè" ni mo fara mọ́: àmì tí olóhun fi sára ohun rẹ̀ kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án. (Ẹ má gé fáwẹ̀lì rẹ̀ kù o, kó má baà di àlè!) Gbangba ni ààlè máa ń wà, bẹ́ẹ̀ náà ni pátẹ́ǹtì: dandan ni kí ẹni tó gbà á ṣàlàyé iṣẹ́ náà fáyé rí. "Ṣí sílẹ̀" ni ìtumọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ ní èdè Látìnì, nítorí náà kí ẹni tó dábàá "ìwé àṣírí" jọ̀wọ́ mú un kúrò. Lóòótọ́, ààlè kì í ní gbèdéke, 20 ọdún sì ni ti pátẹ́ǹtì láti ọjọ́ tí wọ́n béèrè fún un. Mo gbà pé àléébù nìyẹn.

Láìsẹ́ńsì, ìyẹn bí olóhun ṣe ń gbà kí ẹlòmíràn lo ohun tí pátẹ́ǹtì rẹ̀ dè, wá ńkọ́? Ẹnì kan dábàá "ìṣíààlè". Rárá. Ààlè ò kúrò níbẹ̀, ẹnì kan péré la yọ̀ǹda fún, àwọn tó kù ṣì wà níta. "Ìyọ̀ǹda" tó. Google àti Samsung ṣe é fún ara wọn ní 2014, títí kan pátẹ́ǹtì tí wọn yóò béèrè fún láàárín ọdún 10 sígbà náà. Irú ìyẹn ni mò ń pè ní "ìyọ̀ǹda ṣe-fún-mi-kí-n-ṣe-fún-ọ". Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.