Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní òkè Nabugoye

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbé mi dé Mbale, ní ìlà oòrùn Ùgáńdà, nítòsí Òkè Elgon. Kọfí ni mo bá lọ, n kò mọ̀ pé orin ni n ó gbé bọ̀. Àwọn obìnrin yí kọfí tí wọ́n sá ká, wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, ọ̀kan nínú wọn sì dá orin ní èdè Luganda, àwọn tó kù ń gbè é. Ìyá kan nínú wọn fi ìborùn Mùsùlùmí borí, èyí tó jókòó tì í sì jẹ́ Júù.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí wọ́n ń tà á fún ń jẹ́ Mirembe Kawomera, ìyẹn àlàáfíà aládùn. J.J. Keki, àgbẹ̀ àti olórin láàárín àwọn Abayudaya, ìyẹn àwọn ọmọ Ùgáńdà tó tẹ̀lé ọ̀gágun Semei Kakungulu wọ ẹ̀sìn Júù ní ọdún 1919, ló ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ náà ní ọdún 2004. Ó wà níbi World Trade Center ní New York lọ́jọ́ tí àwọn apániláyà fi bàálù kọ lù ú ní ọdún 2001, orí ló sì kó o yọ. Nígbà tó délé, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ Júù, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí pé kí wọ́n jọ kó kọfí wọn pọ̀ tà. Èmi tí mo dàgbà nínú agboolé tí a ti ń kírun tí a tún ń lọ sọ́ọ̀ṣì, ó ṣì yà mí lẹ́nu, nítorí Idi Amin, ààrẹ Ùgáńdà nígbà kan, ti fòfin de ẹ̀sìn àwọn Júù yìí rí, abẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbàdúrà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo gun òkè Nabugoye lọ sí sínágọ́gù wọn. Wọ́n ń kọ Sáàmù ní èdè Hébérù àti Luganda, ohùn orin wọn sì jẹ́ ti ilẹ̀ wọn gan-an. Mo yọ fóònù láti gbà á sílẹ̀. Bàbá tó jókòó tì mí kò bínú, ó kàn rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù náà, ó ní Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn tí wọn kì í lo fóònù, ti wọlé. Ojú tì mí gidigidi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo ń kọ Sáàmù náà lábẹ́lẹ̀ nídìí kọfí, mo sì ṣì í. Ìyá tó fi ìborùn borí yẹn ló bá mi tún un kọ. Ó ní ilé òun kò jìnnà sí òkè náà.