"Jó", "fín" tàbí "kọ": ọ̀rọ̀ tó yẹ àwo DVD tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́

Ìbéèrè tó wà níwájú wa kúrú, ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Ẹni tó bi wá ń ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà nínú ilé, ó sì ti dé ibi tí àwo DVD ti ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́: ẹ̀rọ á gba àwo òfìfo wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì tàbí fiimu ẹni sórí rẹ̀, á ṣiṣẹ́ dé ìdajì, nígbà mìíràn á tilẹ̀ parí rẹ̀, kó tó wá sọ pé kò ṣeé ṣe. Ó fẹ́ mọ ohun tí a ó máa pe iṣẹ́ náà, kí ó lè mọ ohun tí yóò pe àbùkù rẹ̀. Àbá mẹ́ta ló ti jáde. Èkíní ni "jíjó àwo", tó tẹ̀lé "burn" tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Èkejì ni "fífín àwo", tí ẹ̀gbọ́n wa kan mú láti ara igbá fífín. Ẹ̀kẹta ni "kíkọ àwo", tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti kọ̀ pé ó gbòòrò jù, pé kò sí ohun tí a kì í kọ. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fara mọ́, n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Àbá àkọ́kọ́ kò ṣàìní òtítọ́ nínú. Ìtànṣán léésà pupa, tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 650 nánómítà, ló máa ń mú ìpele aró tó wà nínú àwo gbóná títí aró náà yóò fi yí padà lójú kan, tí ojú tó tẹ̀ lé e yóò sì wà bó ṣe wà. Ìyàtọ̀ láàárín ojú méjèèjì yìí ni ẹ̀rọ ń kà nígbà tó bá yá. Ooru wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú èdè tiwa, ohun tó bá ti jó, ó ti lọ nìyẹn. Ilé jó, aṣọ jó, ìwé jóná: kò sí èyí tí a lè bá olóhun yọ̀ sí nínú wọn. Tí mo bá sọ fún ènìyàn pé àwo mi ti jóná, "pẹ̀lẹ́" ni yóò sọ, kì í ṣe "o kú iṣẹ́". Ẹ wá wo ohun tí èyí yóò fà nínú ìwé tó jẹ́ pé àbùkù ni ó fẹ́ ṣàlàyé. Òǹkọ̀wé á kọ pé "tí àwo kò bá jó", òǹkàwé á sì rò pé orí ló kó àwo náà yọ. Yóò tún kọ pé "àwo ti jó dáadáa", èyí tí yóò dún létí bí ẹni tí ń ṣàpèjúwe ìjàǹbá tó pé pérépéré. A kò lè fi "sun" gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ohun tí a bá dáná sun, eérú ló máa ń dà. (Ẹni tí kò bá sì ronú kan iná rárá lè rò pé àwo ń jó ijó, nítorí ohùn kan náà ni méjèèjì ní, àwo náà sì ń yí nínú ẹ̀rọ lóòótọ́.)

"Fín" dára létí ju "jó" lọ, mo sì mọrírì ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ lójú mi ni pé fífín ń fẹ́ kí irin gbẹ́ nǹkan kúrò. Àwo tí ilé iṣẹ́ fiimu ń tà ní kòtò wẹ́wẹ́ nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fín wọn. Odindi ojú àwo ni a fi òǹtẹ̀ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tẹ ìwé. Nítorí náà "títẹ̀" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ fún ìyẹn, a sì ti ní i tẹ́lẹ̀. Ní ti àwo òfìfo tí a ń lò nílé, ike méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó milimítà 0.6 ni a lẹ̀ pọ̀ kí ó tó pé 1.2, àárín wọn ni ìpele aró náà wà, kò sì sí ohun tó gbẹ́ tàbí tó jẹ jáde nínú rẹ̀. Irú àwo tí a lè pa rẹ́ kí a tún kọ, ìyẹn DVD-RW, tún mú ọ̀rọ̀ náà nira sí i. Dípò aró, àdàlù irin ló wà nínú rẹ̀, tí ìtànṣán ń yọ́ lójú kan, tí yóò sì tètè tutù láìtò padà sí ipò rẹ̀. Ìtànṣán tó rọlẹ̀ díẹ̀ ló máa ń tò ó padà nígbà tí a bá fẹ́ pa á rẹ́. A lè ṣe èyí tó bíi ìgbà 1,000. Igbá tí a bá ti fín, ta ni yóò sọ ọ́ di àìfín?

"Kọ" ló kù. Àwọn tó sọ pé ó gbòòrò jù ń ronú kan ìwé àti tádàwà nìkan ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dàgbà ju ìwé lọ. A ń kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, a ń kọ ebè sí oko, a ń kọ lẹ́tà sí ojú tákàdá. Awọ ara, ilẹ̀ àti tákàdá kò jọ ara wọn, irinṣẹ́ ibẹ̀ kò sì jọra, síbẹ̀ ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ènìyàn ń fi àmì sí ojú kan lẹ́sẹẹsẹ, ní ìlà tẹ̀ lé ìlà. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí àwo DVD gan-an nìyí: ìlà kan ṣoṣo ló ń kọ, láti ìdí ihò àárín títí dé etí, ó sì ń ká a yípo bí ẹni ń hun ẹní yípo. Bákan náà, "kọ" kò dá wá nìkan. "Kà", "pa rẹ́", "tún kọ" àti "àṣìkọ" wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sí èyí tí "jó" lè rí mú wá.

Ibi tí mo gbà pé "kọ" ti ní ewu tirẹ̀ ni ìgbà tí a bá fẹ́ sọ ọ́ di orúkọ ẹ̀rọ. Ẹnìkan ti dábàá "akàwo" fún ẹ̀rọ tí ń kọ àwo. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìpàrójẹ ṣe níbẹ̀. Bí "jẹ ayé" ti di "jayé", tí "ṣe àánú" di "ṣàánú", bẹ́ẹ̀ ni "kọ àwo" yóò di "kàwo". Ṣùgbọ́n "ka àwo" náà, "kàwo" ni yóò dà. Ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ bí ẹnu àti etí ti wọ inú ẹ̀wù kan náà. Tó bá jẹ́ pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni, n kò ní fi ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára ohun tó ń mú kí kíkọ àwo kùnà nìyí: àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí ẹ̀rọ inú wọn lè ka DVD ṣùgbọ́n tí kò lè kọ ọ́, àwọn mìíràn sì wà tó lè kọ CD ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé kíkà nìkan ni wọ́n lè ka DVD. Ẹni tó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fi àwo mẹ́wàá ṣòfò kó tó mọ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a pa á jẹ rárá. "Ẹ̀rọ tí ń kọ àwo" àti "ẹ̀rọ tí ń ka àwo" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n gbọ́. (Ní ti "awakọ̀" tí mo rí nínú àbá kan, tí wọ́n fi túmọ̀ "drive" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀rọ náà, mo fẹ́ bi ẹni tó mú un wá pé ọkọ̀ wo ló ń wà.)

Ohùn náà tún lè ṣe wá níṣẹ́ láàárín "kó" àti "kọ". Èyí ni mo fi kọ́gbọ́n fúnra mi. Windows máa ń bi ènìyàn, nígbà tó bá fi àwo òfìfo sínú ẹ̀rọ, bóyá ó fẹ́ lò ó bí ìgbà tí a ń lo fúláàṣì, tàbí fún ẹ̀rọ tí ń gbé àwo. Ẹni tó bá mú èkejì, tó sì fa fáìlì rẹ̀ sórí àwo náà, kò tíì kọ nǹkan kan. Ó kàn kó wọn jọ síbi tí wọn yóò ti máa dúró de àṣẹ ni. Mo kó fọ́tò jọ lọ́jọ́ kan, mo yọ àwo, mo fi í ránṣẹ́, òfìfo ló dé ọwọ́ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí. Bí ìwé ìtọ́sọ́nà bá sọ pé "ẹ kó fáìlì jọ, lẹ́yìn náà ẹ kọ wọ́n sórí àwo", tó sì fi àmì sí orí àti abẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì bó ti yẹ, ó ti kọ́ òǹkàwé ní nǹkan kan láìṣe àlàyé gígùn. Bí kò bá fi àmì sí i, "ko" àti "ko" náà ni.

Ó wá ku àbùkù fúnra rẹ̀. Olùbéèrè fẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo sì rò pé ibí ni ó ti ń fẹ́ ohun tí kò ní ràn án lọ́wọ́. "Àwo ti bàjẹ́" tó fún ẹni tó ń káàánú owó rẹ̀, kò tó fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe. Ìpele tí iṣẹ́ ti kùnà ló yẹ kí orúkọ náà máa tọ́ka sí.

Kí ẹ̀rọ tó kọ ohunkóhun, ó máa ń dán agbára ìtànṣán rẹ̀ wò lẹ́bàá ihò àárín, níbi tí a yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò náà. Bí kò bá rí ìwọ̀n tó bá àwo mu, yóò dúró. Mo dábàá "ìdánwò agbára" fún iṣẹ́ náà, kí a sì máa sọ pé "agbára kò bá àwo mu" nígbà tó bá kùnà. Ohun tó dára nínú gbólóhùn yìí ni pé ó fi ibi méjì tí ẹ̀bi lè wà hàn: bóyá àwo ni kò dára, bóyá ojú léésà ló ti kó eruku tàbí tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Òǹkàwé mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kí òun gbìyànjú àwo irú mìíràn, tàbí kí òun dín eré kíkọ kù, kí ó tó di pé òun dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Èyí tí a ti jiyàn lé jù ni ibi tí dátà ti ń dúró ní ìgbà díẹ̀ kí ìtànṣán tó kọ ọ́. "Àgbàpamọ́" tí àwọn kan mú wá kò burú, ṣùgbọ́n "àmù" ni n ó fi rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń pọn, ìtànṣán ń bù. Bí ẹni tí ń pọn bá ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, tí ẹni tí ń bù kò sì dúró, àmù á gbẹ. Àìsàn yìí pa àwo púpọ̀ láyé àtijọ́, nítorí ìlà tó bá já kò ṣeé so. Láti bí ọdún 2000 ni àwọn ẹ̀rọ ti ń mọ bí a ti ń dúró nígbà tí àmù bá gbẹ, kí wọ́n sì máa bá ìlà lọ níbi tí wọ́n dé. Nítorí náà, kí olùbéèrè má fi "àmù gbẹ" ṣe ohun àkọ́kọ́ tí yóò fura sí.

"Àbùkù etí" ni n ó pe èyí tó jẹ́ pé fiimu á lọ dáadáa, tí yóò sì dá dúró nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí: àárín ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀, etí ló parí sí, etí náà sì ni ọwọ́ máa ń kàn jù. "Àwo kò gbà á" ni ti ẹni tó ka 4.7 gígábáìtì lára páálí, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń fi bíi 4.38 hàn án. Ìṣirò ẹgbẹ̀rún ni ti páálí, ìṣirò 1,024 ni ti kọ̀ǹpútà.

Fún títì ìlà pa ní ìparí, kí ẹ̀rọ mìíràn lè kà á, ẹ̀gbọ́n wa dábàá "tì pa". Títì ń mú kọ́kọ́rọ́ wá sí ọkàn, ẹni tó bá sì ti ilẹ̀kùn lè tún ṣí i. "Kádìí" ni mo fẹ́: a ti ń kádìí ọ̀rọ̀ tipẹ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló sì mọ "ìkádìí" àròkọ. Àwo tí a kò kádìí máa ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó kọ ọ́, tí ẹ̀rọ inú yàrá àlejò yóò sì sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ìgbéfelé", fún àwo tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn ju kí a gbé ife lé e lọ, àwàdà ẹlòmíràn ni; ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún wọn. "Àwòrán àwo" náà kò tọ̀nà fún fáìlì ISO, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo ohun inú àwo kan sínú, nítorí kò sí ohun tí ojú ń wò níbẹ̀. "Odindi ẹ̀dà àwo" ni, a kì í sì í kó o sórí àwo bí fáìlì lásán, a máa ń tú u sórí rẹ̀ ni. Àwo tí a bá ṣí, tó jẹ́ pé fáìlì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ dípò àkójọ tí a ń retí, a kó o, a kò tú u.

Lórí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lẹ́yìn kíkọ, ìjà wà láàárín "yẹ̀ wò" àti "fi wé". Ẹ̀rọ kì í wo àwo bóyá ó rẹwà. Ó ń ka gbogbo rẹ̀ padà, ó sì ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà. "Fi wé" ni tèmi, kí ìròyìn àbùkù sì máa kà báyìí: "Ohun tí a kọ kò bá ohun tí a fi wé e mu."