Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni mo ń tọrọ ìdáríjì lé lórí lójoojúmọ́, àdúrà ti wá ń nira fún mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn àwọn tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà yìí jù mí lọ ni mo ń wá.

Ìbínú ni ìṣòro mi, ẹnu ló sì ń gbà jáde. Láàárọ̀, màá kúnlẹ̀, màá bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá jì mí, màá ṣèlérí pé n kò ní sọ irú rẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti tún sọ ọ́. Àwọn ọmọ mi ló ń bá jù, pàápàá àkọ́bí mi obìnrin. Kì í ṣe ìbáwí lásán o. Ọ̀rọ̀ tó ń gún ọmọ lọ́kàn ni, ọ̀rọ̀ tí n kò jẹ́ sọ sí ọmọ ẹlòmíì láéláé.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ni pé àdúrà kì í wù mí gbà mọ́. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, ohùn kan á ní, "Ẹnu tí o fi bú ọmọ lánàá náà lo fẹ́ fi pe Ọlọ́run?" Màá bá dìde. Mo ń rò ó pé bóyá kí n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìwà náà pátápátá kí n tó padà sídìí àdúrà, kí n má baà máa fi Ọlọ́run ṣeré. Ṣé Ọlọ́run ń gbọ́ ẹni tó ń ronú pìwà dà lórí ohun kan ṣoṣo nígbà gbogbo? Ṣé ìrònúpìwàdà tèmi yìí tilẹ̀ jẹ́ òótọ́?

Arákùnrin kan:
Sísítà, ẹ má fi àdúrà sílẹ̀ o. Ẹ wo agbowó-òde inú Lúùkù 18. Ó dúró lókèèrè, kò lè gbójú sókè, ó ń lu àyà rẹ̀ pé kí Ọlọ́run ṣàánú fún òun ẹlẹ́ṣẹ̀. Kò tíì tún nǹkan kan ṣe nígbà tó ń sọ ọ́. Síbẹ̀ Jésù ní òun ló lọ sílé ní ìdáláre, kì í ṣe Farisí tó ń ka ààwẹ̀ àti ìdámẹ́wàá rẹ̀ sí Ọlọ́run létí. Hébérù 4:16 ní ká wá síbi ìtẹ́ oore-ọ̀fẹ́ pẹ̀lú ìgboyà ká lè rí àánú gbà. Ta ló nílò àánú bí kò ṣe ẹni tó ti ṣẹ̀?

Arákùnrin míì:
Èmi náà ò ní kí wọ́n má gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ délẹ̀. Òwe 28:13 ní ẹni tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni yóò rí àánú. Nígbà táwọn èèyàn bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni káwọn ṣe, ní Lúùkù 3, kò ní kí wọ́n lọ máa sunkún. Ó ní kí ẹni tó ní ẹ̀wù méjì fún ẹni tí kò ní. Ó ní káwọn agbowó-òde má gbà ju iye tí a là sílẹ̀ fún wọn lọ, káwọn ọmọ ogun má fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ wọn tó wọn. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ kálukú wà gan-an ló tọ́ka sí. Sísítà, kí lẹ máa ṣe lọ́nà míì lọ́la? Bí ẹ ò bá ní ìdáhùn sí ìyẹn, ọ̀la á jọ àná.

Arábìnrin kan:
Ẹ̀mí ìbínú nìyẹn, mà. Ẹ gbààwẹ̀ kí ẹ bá a wí, á lọ.

Màmá àgbà nínú ẹgbẹ́:
Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo tún un kà. Ààwẹ̀ dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n Aísáyà 58 sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń gbààwẹ̀ tí wọ́n ń jà nínú ààwẹ̀ náà. Ebi a máa mú inú tètè bí ni. Nítorí náà, jẹ́ ká ti ibòmíì bẹ̀rẹ̀.

Àràárọ̀ lò ń bẹ Ọlọ́run. Ṣé o ti bẹ ọmọ náà? N kò rí i nínú gbogbo ohun tí o kọ. Òótọ́ ni pé Ọlọ́run lo ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bà lára. Ka Mátíù 5:23 àti 24. Bí o bá mú ẹ̀bùn wá síbi pẹpẹ, tí o rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kọ́kọ́ lọ bá a làjà, lẹ́yìn náà kí o wá fi í rúbọ. Wò ó dáadáa: Jésù kò ní kí o gbé ẹ̀bùn rẹ padà sílé. Ó ní fi í sílẹ̀ níbẹ̀, lọ, kí o sì padà wá. Ohùn tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ń lé ọ kúrò nídìí pẹpẹ, kò sì ní kí o lọ bá ọmọ rẹ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ohùn Olúwa. Bí Ẹ̀mí Mímọ́ bá fi ẹ̀ṣẹ̀ han èèyàn, á tún fi ọ̀nà hàn án.

Ohun kejì, má máa gba àdúrà tó gbòòrò jù. "Olúwa, dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí" rọrùn láti sọ, kì í sì í dun ẹni. Sọ ọ̀rọ̀ tí o sọ sí ọmọ náà fún Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ ọ́ gan-an. Á le lẹ́nu rẹ, ṣùgbọ́n wàá mọ ohun tí o ń tọrọ ìdáríjì fún. Kí o sì wo àkókò tí ìbínú yẹn máa ń dé. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí o bá ti iṣẹ́ dé tó sì ti rẹ̀ ọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ àárọ̀ nìkan lo ń gbàdúrà? Kí o tó ṣí ilẹ̀kùn, dúró, sọ ọ̀rọ̀ Sáàmù 141:3: "Fi ẹ̀ṣọ́ ṣíwájú ẹnu mi, Olúwa, máa pa ilẹ̀kùn ètè mi mọ́." Bí inú bá ti ń ru, kúrò níbẹ̀, lọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí o bá tún ṣubú, má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ kí o tó dìde.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. N kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí mo bá bẹ ọmọ, kò ní kà mí sí mọ́. Ohun kan tún kù tí n kò sọ: tẹ́lẹ̀, mo máa ń sunkún bí mo bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní báyìí, omijé ò wá mọ́. Ṣé ọkàn mi ti yigbì ni?

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi:
Sísítà, ẹ jẹ́ ká wo Pétérù àti Júdásì. Àwọn méjèèjì ló kábàámọ̀. Júdásì tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ̀, ó sì dá ọgbọ̀n owó fàdákà náà padà (Mátíù 27). Àmọ́ àwọn olórí àlùfáà ló jẹ́wọ́ fún, àwọn yẹn ní kí ló kàn wọ́n. Kò padà sọ́dọ̀ Jésù. Pétérù sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n kò kúrò láàárín àwọn ará. Nígbà tó sì gbọ́ pé Olúwa ló dúró létí òkun, ńṣe ló bẹ́ sómi láti lọ bá a (Jòhánù 21). Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù bi í bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a bá yíjú sí ló ṣe pàtàkì, ẹ má wo omijé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti yigbì kì í béèrè irú ìbéèrè tí ẹ béèrè yìí.

Ti pé ojoojúmọ́ ni, nínú Àdúrà Olúwa, oúnjẹ òòjọ́ àti ìdáríjì tẹ̀ léra. Ẹni tó kọ́ wa mọ̀ pé a ó nílò méjèèjì lójoojúmọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ, kọ nínú àwọn kókó 95 rẹ̀ lọ́dún 1517 náà ni pé gbogbo ìgbé ayé onígbàgbọ́ ni Olúwa fẹ́ kó jẹ́ ìrònúpìwàdà.

Arábìnrin kan, ọmọ ìjọ Kátólíìkì:
Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni kí n tó sùn, kí èmi àti Ọlọ́run jọ yẹ ọjọ́ náà wò láti òwúrọ̀: kí ni mo dúpẹ́ fún, ibo ni mo ti kọsẹ̀, kí ni mo fẹ́ kó ràn mí lọ́wọ́ lé lórí lọ́la. Ignatius ti Loyola, àlùfáà tó dá ẹgbẹ́ Jésúìtì sílẹ̀, ti fi irú rẹ̀ kọ́ni láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Mo sì máa ń lọ jẹ́wọ́ fún àlùfáà. Kí èèyàn fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé a ti dárí jì í, ó máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Arákùnrin kan, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì:
Jákọ́bù 5:16 ní ká jẹ́wọ́ fún ara wa. Nínú òfin tí John Wesley, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ wa, ṣe lọ́dún 1738 fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n á máa pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì bi kálukú ẹ̀ṣẹ̀ tó ti dá láti ìgbà tí wọ́n pàdé kẹ́yìn. Ẹ wá ẹnì kan tó lè pa àṣírí mọ́, tí kò ní bẹ̀rù láti bi yín.

Màmá àgbà nínú ẹgbẹ́:
Ọmọ mi, ní ti ìbẹ̀rù rẹ: ọmọ náà ti mọ̀ pé o ṣẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá ìwọ náà mọ̀. Éfésù 6:4 kìlọ̀ pé kí á má ṣe mú àwọn ọmọ wa bínú, ìkìlọ̀ fún àwa òbí ni.

Ìwọ àti òun nìkan ni kí ẹ jókòó. Sọ fún un pé, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ kò dáa. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Má fi "ṣùgbọ́n ìwọ náà" kún un. Bó bá yẹ kí o bá a wí lórí nǹkan, fi í di ọjọ́ mìíràn. Bí kò bá dá ọ lóhùn, má fi ipá mú un sọ pé òun ti dárí jì ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, padà sórí eékún rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omijé kò wá. Bí o bá ti ṣe é, èmi nìkan ni kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí. Má kọ ohun tí ọmọ náà bá sọ síbí, tiẹ̀ ni.